Jíìpù ń kọjá, Golf ń dúró: ta ni ọlọ́pàá ń dá dúró lójú ọ̀nà Kàbà, kí sì nìdí?

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀:

Òkun o, ẹ̀yin ará wa. Mo ní ìbéèrè kan, ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ kó dáhùn. Ẹ jókòó sí ìsọ̀ ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀kìpọ́ìntì láàárín Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ sí Kàbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, fún wákàtí kan, kí ẹ máa wò. Jíìpù ńlá á dé, wọ́n á juwọ́ sí i pé kó máa lọ. Golf tó kó èrò á dé, wọ́n á ní kó dúró. Ọ̀kadà tó gbé àpò gàrí náà á dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ta irun ní dàda, wọ́n á ní kó sọ̀kalẹ̀, kó mú fóònù rẹ̀ wá. Ọ̀nà kan náà, ọlọ́pàá kan náà. Ṣé òfin ló fún wọn láyè láti máa ṣa ẹni tó wù wọ́n? Bó bá jẹ́ òfin ni, ibo ni àyè náà parí sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "Nàìjíríà nìyẹn" dá mi lóhùn.

* * *

Dírẹ́bà Kàbà sí Lọ́kọ́ja:

Ohun tí ẹ máa gbọ́ ní gáráàjì kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: owó ni. Wọ́n ń dá ọkọ̀ èrò dúró torí pé owó wà lọ́wọ́ dírẹ́bà, kò sì ráyè jiyàn, èrò ti ń pariwo pé ilẹ̀ ń ṣú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀.

Èèyàn márùn-ún ni Golf wà fún, dírẹ́bà wà lára wọn. Ní ọ̀nà wa, méje ló ń gbé: mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú, dírẹ́bà ìkeje. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ jíà kò ní bẹ́líìtì rárá, orúnkún rẹ̀ sì ń dí dírẹ́bà lọ́wọ́ bó bá fẹ́ wọ jíà kejì. Ẹ̀ṣẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀ kí ọlọ́pàá tó gbé ọwọ́ sókè. Nínú ìwé owó ìtanràn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó (FRSC) gbé jáde, àpọ̀jù ẹrù tàbí èrò jẹ́ ₦10,000, bẹ́líìtì ₦2,000, táyà tí kò dáa ₦3,000, fóònù lójú ìwakọ̀ ₦4,000, àìní láísẹ́ńsì ₦10,000. Dírẹ́bà tó ru méje ti mọ̀ pé ₦12,000 ń dúró de òun bí wọ́n bá kọ ìwé. Ìdí rèé tí òun fúnra rẹ̀ fi ń kọ́kọ́ na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé. Ẹgúnjẹ tó ń bọ́ sí ọwọ́ ọlọ́pàá, ọwọ́ dírẹ́bà ló ti ń jáde, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju ìwé lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọlọ́pàá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ gbé èrò mẹ́rin.

* * *

Bàbá tó ti fẹ̀yìntì:

Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ti fẹ̀yìntì. Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀, torí pé ẹ̀ ń pò wọ́n pọ̀: dídá ọkọ̀ dúró, yíyẹ ọkọ̀ tàbí ara wò, àti mímú èèyàn. Bí ẹ bá ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, ìdí tí ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ ní á máa wúwo sí i.

Ọlọ́pàá mẹ́rin kò lè dá gbogbo ọkọ̀ dúró. Bí wọ́n bá dán an wò lọ́jọ́ ọjà, tírélà sìmẹ́ńtì tó ń ti Ọ̀bájànà bọ̀ á tò dé ìdí òkè, ìjàm̀bá á sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Yíyàn kò ṣeé sá fún. Ohun tí wọ́n kọ́ ọlọ́pàá láti máa fi yàn nìwọ̀nyí: ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ rì tí èèyàn méjì péré sì wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà iwájú tí kò bá ti ẹ̀yìn mu, nọ́ńbà tó dọ̀tí ṣùgbọ́n tí ìdè rẹ̀ ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dè é, ibi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ti tú, ọkọ̀ tó rí wa láti ọ̀nà jíjìn tó sì yí padà, àpèjúwe tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí rédíò. Àwọn yẹn ni à ń pè ní ìdí.

Irun kì í ṣe ìdí. Aṣọ kì í ṣe ìdí. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ ní tààràtà pé ọlọ́pàá kò gbọ́dọ̀ torí bí irun èèyàn ṣe rí, bó ṣe múra tàbí ọjọ́ orí rẹ̀ yẹ ẹ́ wò.

Ẹni tó bá ní kí wọ́n kó gbogbo ṣẹ́ẹ̀kìpọ́ìntì kúrò lójú ọ̀nà Yàgbà, kó ronú lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa ń rí lọ́wọ́ àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà wa.

* * *

Amòfin Ìjùmú:

Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ fo ibi tó ń dùn wá jù. Ìdí tí ẹ kà sílẹ̀ dára gan-an. Ta ló ń gbọ́ wọn lójú ọ̀nà? Ọlọ́pàá á ní "sọ̀kalẹ̀", kò ní sọ ohun tó rí. Níbi tí kò ti sí ìdí tí wọ́n sọ jáde, a ò lè mọ ojúṣàájú yàtọ̀ sí iṣẹ́. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: ẹ má jà pé kí ọlọ́pàá má yàn, ẹ jà pé kó sọ ìdí tó fi yàn, kí ẹni tó dá dúró sì gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ owó. Ọlọ́pàá kò láṣẹ láti bu owó ìtanràn fún ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kó sì gbà á. Adájọ́ ló ń dá owó ìtanràn. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó a máa kọ ìwé ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ báńkì ni wọ́n ń san owó rẹ̀ sí. Òun náà kò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá sì fún un ní rìbá ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́tọ̀.

Bí ó bá di mímú, ẹ wo abala 35 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú èèyàn fún un ní èdè tó gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ tó láṣẹ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì, tàbí iye tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó bójú mu. Àwáwí tí a máa ń gbọ́ ni pé Lọ́kọ́ja jìnnà. Lọ́kọ́ja jìnnà lóòótọ́, ó ju kìlómítà 40 lọ dáadáa, ṣùgbọ́n Kàbà ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀.

Béèlì kì í gba owó. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ mú àbúrò dírẹ́bà tàbí ìyàwó rẹ̀ dípò rẹ̀ bó bá sá lọ.

* * *

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀:

Ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n jíìpù ni mo béèrè, ẹ ò tíì dé ibẹ̀.

* * *

Bàbá tó ti fẹ̀yìntì:

Ó dáa. Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, jíìpù tó gbé èèyàn kan tàbí méjì kò ní ẹ̀ṣẹ̀ àpọ̀jù èrò, ìwé rẹ̀ sì sábà máa ń pé. Èkejì ni ìbẹ̀rù. Ọlọ́pàá kékeré kò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Bó bá dá ẹni tí kò yẹ dúró, ìpè kan láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá lè gbé e kúrò ní Kàbà kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Mi ò sọ pé ó dáa. Bó ṣe rí ni mo sọ.

* * *

Amòfin Ìjùmú:

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dojú rú. Láti 1991 ni òfin ti wà tó ní kí ẹnikẹ́ni má lo gíláàsì dúdú lára ọkọ̀ láìgba àṣẹ. Ní 2025, ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ní kí gbogbo èèyàn wá gba ìwé àṣẹ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn sí 1 June, wọ́n sún un sí 12 August, wọ́n tún sún un sí 2 October, ọ̀rọ̀ náà sì di ẹjọ́ nílé ẹjọ́. Ẹ má sọ̀rọ̀ ẹjọ́ yẹn, ẹ wo ojú ọ̀nà nìkan. Bó bá jẹ́ ààbò ni à ń wá, ọkọ̀ tí a ò rí inú rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dúró. Golf tí gíláàsì rẹ̀ mọ́ gaara, tí a ti ń ka orí méje nínú rẹ̀ láti òkèèrè, ta ló fẹ́ fi ìbọn pamọ́ síbẹ̀? Bí èyí tí a ò rí inú rẹ̀ bá ń kọjá, tí èyí tí a rí inú rẹ̀ sì ń dúró, kì í ṣe ààbò ni wọ́n fi ń yàn.

* * *

Dírẹ́bà Kàbà sí Lọ́kọ́ja:

Òótọ́ gan-an lẹ sọ yẹn.

* * *

Yàgbà Tòótọ́:

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ àwa ọ̀dọ́ wá. Wọ́n tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè, ká ní 11 October 2020, ṣùgbọ́n ìwà náà ṣì kù lójú ọ̀nà: irun dàda pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká, o ti di ọmọ Yahoo nìyẹn. "Ṣí fóònù rẹ." Kí lèèyàn lè ṣe láìgba ìgbájú?

* * *

Amòfin Ìjùmú:

Ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ọlọ́pàá má máa yẹ fóònù èèyàn wò lójú ọ̀nà. Ẹ fi ohùn tútù béèrè pé: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀sùn wo ni ẹ fi kàn mí?" Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ béèrè bóyá ẹ lè máa lọ. Bí wọ́n bá ní ó wà, ẹ sọ pé ẹ gbà láti bá wọn lọ sí àgọ́, níwájú DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ má fa fóònù mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ má sá. Èyí tí ẹ lè bá DPO sọ lọ́la dára ju èyí tí ẹ fẹ́ borí lójú ìbọn lónìí.

Yíya fọ́rán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń yà á ṣe pàtàkì. Fóònù tó dúró jẹ́ẹ́ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kò dà bí fóònù tí ẹ nà sí ojú èèyàn. Bí wọ́n bá máa yẹ ara obìnrin tí wọ́n mú wò, obìnrin ni kó ṣe é.

* * *

Oníṣu Ọjà Kàbà:

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ẹrù. Àwa tó ń kó iṣu àti gàrí, ọlọ́pàá nìkan kọ́ ni ìṣòro wa. Àwọn tó mú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ a máa fi okùn dábùú ọ̀nà, ìjọba ìbílẹ̀ kan á gba tirẹ̀, èyí tó kàn á ní òun ò mọ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Ọlọ́pàá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹlẹ́rìí. Iye tíkẹ́ẹ̀tì tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì píkọ́ọ̀pù kan kí ó tó dé Lọ́kọ́ja, orí iṣu ni gbogbo rẹ̀ ń já lé, ẹni tó ra iṣu ní ọjà ló sì ń san án.

* * *

Amòfin Ìjùmú:

Màmá, òfin owó orí kan ti wà láti 1998 tó ka irú owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ lè gbà. Ó sọ níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn agbowó orí ìjọba pàápàá, kò gbọ́dọ̀ dábùú ọ̀nà torí owó orí. Okùn yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe iṣu. Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má jù wọ́n nù. Ọjọ́ àti orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wà lára wọn, ẹ̀rí ni wọ́n.

* * *

Vọ́kánáísà Mọ̀pà:

Ọ̀rọ̀ táyà ni tèmi, torí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi àìmọ̀ rẹ́ èèyàn jẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Ní ìparí rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin wà nínú àmì bí ẹyin: 2322, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ní ọdún 2022. Ọdún mẹ́rin sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń kà. Bí nọ́ńbà náà kò bá sí ní apá ìta, ó wà ní apá inú. Ẹ yí táyà wò kí ẹ tó sanwó. Táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n fi nǹkan dúdú kùn máa ń dán bí tuntun, nọ́ńbà yìí ló ń tú u fó.

Jíjẹ táyà tún yàtọ̀. Nínú kòtò táyà, ẹ máa rí kókó rọ́bà kéékèèké tó dábùú kòtò. Bí ara táyà bá ti jẹ débi tó bá kókó yẹn dọ́gba, ó kù mílímítà 1.6 nìyẹn, ó ti parí. Bí ọlọ́pàá bá ní táyà yín ti kú, ẹ ní kó fi ọ̀kan nínú méjèèjì hàn yín: nọ́ńbà tàbí kókó. Bó bá fi hàn yín, ó jàre, ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀.

* * *

Dírẹ́bà Kàbà sí Lọ́kọ́ja:

Ó ku ìwé. Láísẹ́ńsì dírẹ́bà, láísẹ́ńsì ọkọ̀, ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀, ìwé pé ọkọ̀ jẹ́ tiyín, ìnṣọ́ránsì. Ìnṣọ́ránsì ló ń kó èèyàn sí wàhálà jù báyìí, torí láti 1 February 2025 ni ọlọ́pàá ti kéde pé àwọn yóò máa béèrè rẹ̀. Èyí tó kéré jù fún ọkọ̀ àdáni jẹ́ ₦15,000 láti 2023. Ẹni tó tà á fún yín ní ₦5,000 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀, bébà lásán ló tà. Ẹ tẹ *565*11# kí ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ọlọ́pàá tó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni kan sọ ní gáráàjì lọ́jọ́ kan pé ilé ẹjọ́ ti ní kí VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, má dá ẹnikẹ́ni dúró mọ́. Amòfin, òótọ́ ni?

* * *

Amòfin Ìjùmú:

Ìdájọ́ 2 October 2024 ni, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abuja. VIO ti Abuja ni ẹjọ́ náà dá lé: wọn kò gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ dúró, gbẹ́sẹ̀ lé e tàbí bu owó ìtanràn fún dírẹ́bà. Kò kan ọlọ́pàá, kò kan ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹ má lọ fi ka ọ̀rọ̀ sí ọlọ́pàá létí ní Ìyámoyè.

* * *

Bàbá tó ti fẹ̀yìntì:

Ọ̀rọ̀ alẹ́, kí n tó gbàgbé. Ìbẹ̀rù ń bẹ lára ọlọ́pàá náà lálẹ́, kì í ṣe lára yín nìkan. Tí ẹ bá ti rí iná tọ́ọ̀ṣì, ẹ dín iná gíga kù, ẹ tan iná inú ọkọ̀, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀, kí ọwọ́ yín méjèèjì wà lórí sítíárìn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ wá ìwé lábẹ́ ìjókòó kí wọ́n tó béèrè. Ọwọ́ tó wọ abẹ́ ìjókòó nínú òkùnkùn, ìbọn ni ọlọ́pàá ń fi ọkàn sí pé ó máa bá a jáde. Ẹ fi ìwé sínú ọ̀rá, kí ẹ fi há ibi ìdábòòbò oòrùn lókè.

Kò sì yẹ kí ọlọ́pàá gbé igi dábùú ọ̀nà ní orí kọ́nà tàbí ní ẹsẹ̀ òkè. Tírélà tó ru ẹrù kò lè dúró níbẹ̀, bíréèkì rẹ̀ ti gbóná kó tó sọ̀kalẹ̀ tán.

* * *

Dírẹ́bà Kàbà sí Lọ́kọ́ja:

Mo fẹ́ fi kún un: kí ẹ tó dé ibi tí wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró, ẹ wo ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú. Bí ọkọ̀ kankan kò bá ti ìwájú bọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí kò sì sí ọkọ̀ ọlọ́pàá tàbí iná níbi tí ẹ ti rí aṣọ ológun, ó lè jẹ́ ajínigbé ni wọ́n, ẹ padà sí ìlú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ẹ bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá gidi kò ní bínú pé ẹ ṣọ́ra.

* * *

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀:

Bàbá ní ìdí wà, Amòfin ní kí wọ́n sọ ìdí. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ojúṣàájú ni, tí kì í ṣe pé inú ń bí wa lásán? Bí a bá lọ sọ fún ọ̀gá wọn, á ní ká mú ẹ̀rí wá.

* * *

Amòfin Ìjùmú:

Ìwé kan péré la nílò, ìwé àkọsílẹ̀ gígùn tí àwọn akọ̀wé gáráàjì ń lò. Ẹ là á sí ojú mẹ́jọ: ọjọ́, aago, ibi tí wọ́n ti dá wọn dúró, irú ọkọ̀, iye èrò, ìdí tí ọlọ́pàá sọ, ìwé tí wọ́n fún un, iye ìṣẹ́jú tó lò níbẹ̀. Bí ọlọ́pàá kò bá sọ ìdí, ẹ kọ "kò sọ" síbẹ̀. Dírẹ́bà kò ní kọ ọ́ lójú ọ̀nà, bó bá wọ gáráàjì ni yóò sọ ọ́ fún akọ̀wé. Orúkọ ọlọ́pàá kò ní wọ inú ìwé yìí rárá, torí kì í ṣe ẹnì kan ni à ń lé. Ẹni tí wọ́n bá lù tàbí tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kó kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ẹ̀ka tí ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá dá sílẹ̀ ní 2015 fún ẹ̀sùn àwọn aráàlú, pẹ̀lú orúkọ tó wà láyà aṣọ, nọ́ńbà ọkọ̀ ọlọ́pàá, ọjọ́ àti aago.

Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ìdajì tó kù ni kí ẹnì kan jókòó sí ìsọ̀ tí ẹ sọ yẹn, kó máa ka ọkọ̀ tó *kọjá* láìdúró, wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan nírọ̀lẹ́. Bí a bá ka àwọn tó dúró nìkan, ọ̀gá ọlọ́pàá á sọ pé Golf ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà, ó sì lè jẹ́ òótọ́.

* * *

Dírẹ́bà Kàbà sí Lọ́kọ́ja:

Akọ̀wé wa lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ó má bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ọdún o, gbogbo nǹkan máa ń yí padà nígbà yẹn. Kó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ọjà Kàbà bá rí bó ṣe máa ń rí.

* * *

Oníṣu Ọjà Kàbà:

Ẹ fi ojú kẹsàn-án kún un fún ẹrù. Mo lè jókòó kà á nírọ̀lẹ́, ìsọ̀ mi kò jìnnà sí ọ̀nà.